ÀRÒKỌ ALÁRÌÍYÀNJIYÀN: OÒGÙN ASÍMÀ LỌ́WỌ́ AKẸ́KỌ̀Ọ́

Ìbéèrè: Ìwọ ni olórí olùsọ̀rọ̀ nínú àríyànjiyàn kan tí àkòrí rẹ̀ jẹ́: "Ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní asímà máa mú oògùn rẹ̀ dání ju kí ilé-ìwé máa bá a tọ́jú rẹ̀ lọ." Kọ ohun tí o máa sọ láti gbè é lẹ́yìn tàbí láti ta kò ó.

Àlàyé

Nínú irú àròkọ yìí, apá kan ṣoṣo ni kí o dì mú. Ẹni tí ó bá ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó tún ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ kọ́" ní ìparí, kò lè gba máàkì tí ó jọjú. Ṣùgbọ́n má ṣe bí ẹni pé alátakò rẹ kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mú èyí tí ó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí o sì fèsì sí i. Rántí pẹ̀lú pé ariwo kì í ṣe ẹ̀rí. Bí o bá mọ ọdún, ìlú, àti ohun tí òfin kan sọ, kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá dá ọ lójú, fi í sílẹ̀.

Ṣọ́ra fún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Asímà kì í ṣe ikọ́ ife. Ikọ́ ife a máa ràn, asímà kì í ràn. Ẹni tí ó bá pa méjèèjì pọ̀ ti ba àròkọ rẹ̀ jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìlapa èrò

1. Ìkíni, àti apá tí mo wà.
2. Ohun tí asímà jẹ́, àti ìdí tí kò fi ṣeé fi falẹ̀.
3. Ẹ̀rí: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ontario, àti òfin tí ó tẹ̀lé e.
4. Ọ̀rọ̀ alátakò, àti èsì mi.
5. Ìlànà tí ó yẹ kí ilé-ìwé gbé kalẹ̀.
6. Ìkádìí.

Àpẹẹrẹ àròkọ

Alága wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣe ojúsàájú, olùṣọ́ àkókò, ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Mo dìde láti gbe àkòrí wa lẹ́yìn, pé ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní asímà máa mú oògùn rẹ̀ dání ju kí ilé-ìwé máa bá a tọ́jú rẹ̀ lọ.

Kí ni asímà? Àìsàn ọ̀nà èémí ni. Bí ó bá dé, ọ̀nà èémí a fún pọ̀, inú rẹ̀ a wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a sì dí ìwọ̀nba àyè tí ó kù. Ẹni tí ó ń ṣe a máa mí gúlegúle, àyà rẹ̀ a sì máa dún bí ìgbà tí ènìyàn ń súfèé. Eruku ọyẹ́, èéfín, òtútù, eré sísá, àti eruku tí ń sọ lálá nígbà tí a bá ń gbá kíláàsì láàárọ̀, gbogbo wọn ni ó lè mú un bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì rí i pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í bá wa nílé-ìwé.

Oògùn tí ó ń tètè tú ọ̀nà èémí sílẹ̀ wà nínú agolo kékeré kan tí a kì bọ inú ike, tí a ń pè ní ínhélà. Kò tóbi ju ohun tí ó lè wọ àpò ṣòkòtò lọ. Aláìsàn yóò fi ẹnu ike náà sẹ́nu, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì fa oògùn náà pọ̀ mọ́ èémí. Lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Àmọ́, bí oògùn náà kò bá sí nítòsí ńkọ́? Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Oògùn tí ó dé lẹ́yìn tí èémí ti tán kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Alága, kì í ṣe àròsọ ni mo ń sọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 12 kan tí ń jẹ́ Ryan kú lẹ́yìn tí asímà kì í mọ́lẹ̀ nílé-ìwé rẹ̀ ní Ontario, ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé ọmọ òun ní ínhélà, ṣùgbọ́n inú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n tì í mọ́. Ìyá yìí kò jókòó sunkún nìkan. Ó rọ àwọn aṣòfin títí òfin fi jáde ní ọdún 2015, orúkọ ọmọ náà ni wọ́n sì fi ń pe òfin ọ̀hún: Òfin Ryan. Ó pa á láṣẹ pé ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́dọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti máa mú oògùn asímà rẹ̀ dání, bí òbí rẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i. Ó tún ní kí a ṣe ètò lọ́tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó ní àìsàn náà, kí a sì máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwé bí a ti ń dá a mọ̀ lóòrèkóòrè. Ní Amẹ́ríkà bákan náà, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ni ó ti ní òfin tí ó gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti mú ínhélà rẹ̀ dání.

Mo mọ ohun tí alátakò mi yóò sọ. Yóò ní ọmọdé á sọ ọ́ nù, á fi ṣeré, á sì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ fà. Èmi kò ní sọ pé irọ́ ni. Olùkọ́ tí ń gba oògùn lọ́wọ́ ọmọ kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù oògùn olóró ni ó ń bà á, ó sì yẹ kí ó bà á. Ọmọ tí kò ní asímà tí ó bá fa ínhélà, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, àyà rẹ̀ sì lè máa lù kìkì. Èyí kò dára. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin adájọ́, ẹ gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n: ọwọ́ tí ó gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀, àti ọmọ tí kò lè mí. Èwo ni ó wúwo jù?

Alátakò mi yóò tún ní kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ mátírọ́ọ̀nù. Bí mátírọ́ọ̀nù bá lọ sọ́jà ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ orí pápá ni àìsàn náà ti dé, tí ọ́fíìsì sì wà lọ́nà jíjìn ńkọ́? Ẹni tí kò lè mí kò lè sáré, kò sì lè pariwo pé kí wọ́n bá òun wá kọ́kọ́rọ́.

N kò wí pé kí olúkúlùkù máa ṣe bí ó ti wù ú. Kí òbí fọwọ́ sí ìwé. Kí dókítà kọ orúkọ oògùn náà àti bí a ó ṣe lò ó. Kí orúkọ ọmọ wà lára ínhélà rẹ̀. Ọmọ kékeré tí kò ì mọ̀ ọ́n lò, kí olùkọ́ rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ sínú kíláàsì, láìtì í pa. Kí ilé-ìwé sì ní ọ̀kan sílẹ̀ fún pàjáwìrì, gẹ́gẹ́ bí òfin ti gba àwọn ilé-ìwé Bìrìtéènì láyè láti oṣù kẹwàá ọdún 2014. Paríparì rẹ̀, kí gbogbo olùkọ́ mọ̀ pé ńṣe ni a ń mú ọmọ tí asímà dé sí jókòó, a kì í dá a dùbúlẹ̀. A kì í fi òun nìkan sílẹ̀, bí oògùn kò bá sì ràn án, ilé-ìwòsàn ni kíákíá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, igi gánńgán má gùn mí lójú, àtòkèrè la ti ń wò ó. Ẹ má jẹ́ kí á dúró de ọjọ́ tí a ó fi orúkọ ọmọ ilé-ìwé wa pe òfin. Ẹ dá oògùn asímà padà fún ẹni tí ó ni èémí. Mo dúpẹ́ o.

Àkíyèsí fún akẹ́kọ̀ọ́

(a) Wo ibi tí olùsọ̀rọ̀ ti wí pé, "Èmi kò ní sọ pé irọ́ ni." Ẹni tí ó gba òtítọ́ alátakò rẹ̀, tí ó sì fi èyí tí ó wúwo jù ú lọ dáhùn, ni adájọ́ ń gbàgbọ́.
(b) Ọ̀rọ̀ Ontario kò dá dúró. Olùsọ̀rọ̀ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sọ òfin tí ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ó mú un wá sí ilé-ìwé tirẹ̀.
(d) Òwe méjì péré ni ó lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì bá ibi tí ó wà mu. Má ṣe to òwe jọ bí ẹni to igi.

Ìdánrawò

1. Kọ àròkọ tí ó ta kò àkòrí yìí. Rí i pé o fèsì sí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ àti mátírọ́ọ̀nù.
2. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé rẹ láti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yí òfin kan tí ó kan ìlera àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà.
3. Lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn tìrẹ: ojúsàájú, pàjáwìrì, òṣùwọ̀n, rọlẹ̀.