Òfin Gbígbin Àjàrà ní Ilẹ̀ Faransé

Èso àjàrà ni a fi ń ṣe ọtí wáìnì. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn àgbẹ̀ kan a máa gbin ìwọ̀nba àjàrà láti fi ṣe ọtí tí àwọn ará ilé wọn yóò mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irú àjàrà tí ó bá wu ènìyàn ni òfin gbà á láyè láti gbìn. Ó yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀.

Bí Ọ̀rọ̀ náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Láàrin ọdún 1860 sí 1870, kòkòrò kékeré kan, phylloxera, ti Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ Faransé. Gbòǹgbò àjàrà ni ó ń jẹ, ó sì run oko púpọ̀. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ rí i pé àjàrà Amẹ́ríkà lè fara da kòkòrò yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbin òun àti àwọn irú tí a bí láti ara rẹ̀. Àwọn tálákà fẹ́ràn wọn, nítorí pé wọn kì í fẹ́ oògùn púpọ̀.

Ìdí Tí Ìjọba fi Ṣòfin

Ní nǹkan bí ọdún 1930, ọtí wáìnì pọ̀ ju ẹni tí yóò rà á lọ, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ọdún 1934, òfin ka irú mẹ́fà léèwọ̀: Noah, Othello, Isabelle, Jacquez, Clinton àti Herbemont. A ní ọtí wọn kò dára, ó sì lè pa ènìyàn lára. Síbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kan ní àgbègbè òkè Cévennes kọ̀ láti hú tiwọn.

Òfin ti Ìsinsìnyí

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kíní, ọdún 2016, lábẹ́ òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹni tí yóò bá gbin àjàrà ọtí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá gbìn ín láìgba àṣẹ ni yóò fi owó ara rẹ̀ hú u. Ṣùgbọ́n a yọ olóko kékeré sílẹ̀: bí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá hẹ́kítà lọ, èyí tí ó sún mọ́ ìdámẹ́rin éékà, tí ó sì jẹ́ pé ìdílé rẹ̀ nìkan ni yóò mu ọtí náà, kò nílò ìwé àṣẹ. Kò gbọ́dọ̀ tà á.

Nítorí náà, òfin kò sọ pé kí baálé ilé má ṣe mu ọtí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ààlà ni ó pa sí àárín ilé àti ọjà. Kí olúwarẹ̀ tó gbẹ́ ihò, kí ó wọn ilẹ̀ rẹ̀, kí ó béèrè orúkọ irú àjàrà náà, kí ó sì pinnu ẹni tí yóò mu ọtí rẹ̀.