Òkúta Tó Bá Ìtọ̀ Jáde, Ẹ Má Dà á Nù

Ìyá kan láti Abẹ́òkúta kọ̀wé nípa ọkọ rẹ̀. Dókítà ní òkúta wà nínú kíndìnrín bàbá náà, pé yóò bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n sì mú un wá. Ìyá náà fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ìbéèrè gidi ni, ojú sì ń ti ọ̀pọ̀ aláìsàn láti bi dókítà.

Òkúta tí kò bá ju mìlímítà 5 lọ sábà máa ń jáde láìsí iṣẹ́ abẹ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìrora sì lè ti rọlẹ̀ kí ó tó jáde. Nítorí náà, gbogbo ìtọ̀ ni kí bàbá máa sẹ́, tọ̀sán tòru. Bí ilé ìwòsàn kò bá fún un ní asẹ́, asẹ́ tíì tí ojú rẹ̀ wẹ́, tàbí aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì, á ṣe é, bí kò bá ti ní padà sí ilé ìdáná mọ́. Kí ó tọ̀ sínú ike ẹlẹ́nu gbẹ̀rẹ̀, kí ó dà á sójú asẹ́, kí ó sì fara balẹ̀ wo ohun tó kù. Òkúta náà lè má ju hóró yanrìn lọ.

Bí ó bá rí i, kí ó fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ó wá fi sínú ike kékeré gbígbẹ tó ní ìdérí. Kí ó má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà o! Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń da àyẹ̀wò rú.

Bí ibà tàbí òtútù bá bá ìrora wá, tàbí tí ìtọ̀ kò wá rárá, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Nínú àyẹ̀wò òkúta náà, irú tó jẹ́ ni wọ́n ń wá, ojú lásán kò sì lè dá a mọ̀. Káṣíọ́mù àti oxalate ló para pọ̀ di èyí tó wọ́pọ̀ jù. Ti uric acid wà, tí oògùn lè yọ́. Struvite náà wà, kòkòrò àrùn inú ìtọ̀ ló ń fà á, bí wọn kò bá sì pa kòkòrò náà, òkúta yóò tún hù. Kò sí ìmọ̀ràn oúnjẹ kan tó bá gbogbo wọn mu. Ọ̀pọ̀ ló ń sá fún mílíìkì nítorí káṣíọ́mù, bẹ́ẹ̀ káṣíọ́mù inú oúnjẹ gan-an ló ń gbá oxalate mú nínú ìfun kí ó má baà dé kíndìnrín.

Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ìlọrin ní òkúta tòun ti wà nínú àpamọ́wọ́ láti ọdún tó kọjá. Òkúta gbígbẹ kì í bàjẹ́. Kí ó kọ ìgbà tó jáde sára ike, kí ó gbé e fún dókítà rẹ̀, kí ó sì kọ́kọ́ béèrè láàbù tó ń ṣe àyẹ̀wò náà, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ní ẹ̀rọ rẹ̀.