Ṣé Lọ́fínńdà Oud Yẹ Oníwà Jẹ́jẹ́?

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan ní Sùúrùlérè, tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ní Yábàá, ní òun kì í ṣe aláriwo. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá oud kò ní le jù fún òun.

Ìdáhùn: Kò le jù rárá.

Inú igi Aquilaria, ní ilẹ̀ Éṣíà, ni oud ti ń wá. Bí igi náà bá fara gbọgbẹ́, tí èbu sì wọ inú rẹ̀, a máa sun oje dúdú láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Oje yẹn ló ń ta sánsán. Igi náà ti ṣọ̀wọ́n débi pé láti 2005 ni àdéhùn àgbáyé CITES ti ń ṣọ́ òwò gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Nítorí náà, àpòpọ̀ ilé-iṣẹ́ ló sábà máa ń wà nínú ìgò olówó pọ́ọ́kú ní ọjà Tejúoṣó. Èyí tó dára wà níbẹ̀ náà.

Lọ́fínńdà ọsàn a máa ta síni nímú, a sì tètè lọ. Oud ní tirẹ̀ ń falẹ̀, ó sì ń pẹ́ lára, bí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. Èyí tí wọ́n pò mọ́ fànílà, bíi Oud Wood tí Tom Ford gbé jáde ní 2007, bá ọ́fíìsì mu. Èyí tó ń rùn bí awọ àti èéfín, òde alẹ́ ló wà fún.

Ooru Èkó ló yẹ kí òǹkàwé wa ṣọ́ra fún. Nínú dáńfó tó kún láti Ojúẹlẹ́gba, fífín mẹ́ta ti pọ̀ jù. Ẹyọ kan lẹ́yìn etí ti tó. Kó tó sanwó, kó fín in sọ́rùn ọwọ́, kó rìn káàkiri ọjà fún 30 ìṣẹ́jú, kó tó tún gbóòórùn rẹ̀.