Iṣẹ́ Tí Ọ̀rẹ́ Fi Sílẹ̀

Ọmọ mi, jókòó tì mí díẹ̀. Mo rí bí ojú rẹ ṣe wú láti ọjọ́ tí ẹ ti sin ọ̀rẹ́ rẹ, mi ò sì ní sọ fún ọ pé kí o gbàgbé, nítorí ẹni tí a jọ jẹun nínú àwo kan, tí a jọ jẹ pàṣán olùkọ́ kan náà, kì í ṣe ẹni à ń gbàgbé. Àwọn baba wa ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, òótọ́ ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run bá ṣàánú, tó ku méjì nínú ogún náà tí wọ́n ṣì ń ṣeré títí irun fi funfun, ọjọ́ tí ọ̀kan bá lọ, èkejì ò rí ẹni bi mọ́ pé, "Ṣé o rántí?" Ẹlẹ́rìí rẹ ló lọ, ìyẹn ló ń dùn ọ́.

Sunkún, ẹkún ò burú. Àmọ́ mo ti lọ síbi òkú púpọ̀ nílùú yìí, mo ti rí aṣọ ẹbí olówó ńlá, mo sì ti gbọ́ tí ẹni tí kò yọjú sí olóògbé nígbà àìsàn gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó ń pè é ní ọ̀rẹ́ àtàtà. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. (Mi ò bá ẹnì kan wí o.)

Ọ̀rẹ́ tòótọ́ máa ń ṣe ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. O mọ Wọlé Ṣóyinká. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n nítorí ẹ̀bùn Nobel tó gbà ní 1986. Ohun tó ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e lèmi fi ń júbà rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ kan n'Íbàdàn níbí, Fẹ́mi Johnson, oníṣẹ́ adójútòfò tó ni Broking House, ọkùnrin tó fẹ́ràn oúnjẹ, orin àti àlejò, tó sì máa ń bá a ṣeré orí ìtàgé. Ilẹ̀ Jámánì ni ikú ká Fẹ́mi mọ́ ní 1987, àwọn kan sì gbà pé kó kúkú sùn síbẹ̀. Ṣóyinká kọ̀ jálẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, kò sì sinmi títí òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi dé Ìbàdàn. Nígbà tí òun náà wá di ìsáǹsá láyé Abacha, ó mú Bekuta ní Jàmáíkà, abúlé tí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n kó lẹ́rú fi orúkọ Abẹ́òkúta sọ, pé ibẹ̀ ni kí wọ́n sin òun sí bí ikú bá ká òun mọ́ ẹ̀yìn odi. Ẹni tó ti gbé ọ̀rẹ́ wálé rí mọ ohun tí ilẹ̀ jẹ́ fún òkú.

Ọ̀rẹ́ tèmi tó lọ ò kú sí Jámánì. Télọ̀ ni, Òkè-Àdó ló ti ń ránṣọ. Lẹ́yìn ìsìnkú la ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, la bá àpò ọ̀rá lórí àpò ọ̀rá, aṣọ oníbàárà tó ti gé tí kò tíì rán, ó fi abẹ́rẹ́ ha ìwé kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: èjìká, àyà, gígùn ṣòkòtò, nínú ìkọ̀wé rẹ̀ tó máa ń dagun. Agbádá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ apá kan ṣoṣo ló ti rán. Ọmọ rẹ̀ àgbà ní ká pín wọn fún ẹbí. Mo ní rárá. A wá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tó ti ṣe fírídọ́ọ̀mù, tó wà ní Mókọ́lá báyìí, òun ló bá wa rán gbogbo rẹ̀ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe wọ̀n ọ́n, a sì ń gbé e kiri láti ilé dé ilé. Owó tó kù lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, ìyàwó olóògbé la kó o fún. Ìyá kan ti gbàgbé pé òun gbé aṣọ wá rárá. Ó wọ bùbá náà níṣojú wa, ó ní, "Ó mà ṣe rẹ́gí o!" Ẹ̀rín pa wá, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ikú náà.

Ọ̀rẹ́ tìrẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ilé tó ń kọ́ fún ìyá rẹ̀ ku páànù, pé ó sì kó àjọ tí kò tíì dá tán. Bí píparí wọn bá ju agbára rẹ lọ, pe àwọn ẹgbẹ́ yín, ẹ jọ gbé e. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá sì bi ọ́ léèrè rẹ̀, sọ ti agídí rẹ̀ mọ́ ti inúure rẹ̀, kí wọ́n lè mọ baba, kì í ṣe ère.

Ìyàwó rẹ̀ máa ń wà nílé ní Sátidé. Lọ bá a, mú ìwé àti bírò dání, kí o sì bi í ní ohun tó kù.