Abram Gannibal, Ẹrú tí ó di Ọ̀gágun

Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni Abram Gannibal. Àwọn òpìtàn kan ní ilẹ̀ Ẹritríà ni a bí i sí. Àwọn mìíràn ní Logone ni, ní Kamẹrúùnù òde òní. Ọmọdé ni nígbà tí a mú un lẹ́rú lọ sí Constantinople. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé ọ̀dọ̀ Peter, ọba Rọ́ṣíà, ẹni tí ó ṣe baba ìsàmì fún un ní 1705.

Ní 1717 ó bá ọba lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó sì dúró níbẹ̀ láti kọ́ ìṣirò àti ọgbọ́n odi mímọ. Ọba kú ní 1725. Kò pẹ́ tí Menshikov, ẹni tí agbára bọ́ sí lọ́wọ́, fi lé e lọ sí Sàìbéríà, nítòsí ààlà Ṣáínà. Níbẹ̀ náà, odi ni wọ́n ní kí ó wá mọ: ojú rẹ̀ ni wọn kò fẹ́ rí, wọ́n ń fẹ́ ìmọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Elizabeth, ọmọ Peter, gorí ìtẹ́ ní 1741, ó rántí rẹ̀. Gannibal di olórí ológun ìlú Reval, tí à ń pè ní Tallinn lónìí. Ní 1759 ó di ọ̀gágun àgbà. Ní 1762 wọ́n ní kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kú ní 1781. Òun ni ó bí bàbá tí ó bí ìyá Pushkin, akéwì tí àwọn ará Rọ́ṣíà fi ń yangàn.