Ẹ̀kọ́ Kẹrin: Gọ́tà Kò Mọ Ààlà Ìjọba Ìbílẹ̀

Ẹ wo àwòrán tí ó wà lókè ojú ìwé yìí. Ìyá kan dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, omi òjò dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi ìgbálẹ̀ gbá a jáde. Iwájú ilé rẹ̀ ni gọ́tà kan wà tí pàǹtírí ti dí pa. Gọ́tà náà gba abẹ́ títì kọjá sí àdúgbò kejì. Ilé ìyá yìí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Àdúgbò kejì wà ní òmíràn. Nígbà tí ó lọ sí káńsù tirẹ̀, èsì tí wọ́n fún un ni pé, “Màmá, ẹ má bínú. Ibi tí omi náà ti dí kò sí lábẹ́ wa, òdìkejì títì ni.” Ó kọjá sí káńsù kejì. Wọ́n ní, “Màmá, ẹ kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa. Káńsẹ́lọ̀ yín ni kí ẹ lọ bá.” Ó padà sílé, ó sì tún mú ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ ni a fi ìyá yìí ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé ní àgbègbè Ìwó Road ní Ìbàdàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlọ́.

Ìjọba mẹ́ta ni ó pàdé lórí ilẹ̀ kan náà ní Ìwó Road. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, tí ó gba ibẹ̀ lọ sí Òjòó, ti Ìjọba Àpapọ̀ ni. Ibùdókọ̀ ńlá tí ó wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́rin tí wọ́n kọ́ sí Ìwó Road, Òjòó, Challenge àti ojú ọ̀nà Ifẹ̀ Tuntun, ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni. Àwọn ọjà àdúgbò, gọ́tà ojúlé àti ìdọ̀tí ojoojúmọ́ bọ́ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ náà kò sì jẹ́ ẹyọ kan. Olú ilé iṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn wà ní Ìwó Road gan-an. Bí ẹ bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ kò ní rìn jìnnà kí ẹ tó wọ ilẹ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìwó, Lágelú ni ẹ ó bọ́ sí, títí dé Lálúpọn. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ifẹ̀, ẹ ó wọ Ẹgbẹ́dá.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí látilẹ̀wá. Kí ó tó di 1991, abẹ́ káńsù kan ṣoṣo ni gbogbo inú ìgboro Ìbàdàn wà. Ní ọdún náà ni wọ́n pín in sí márùn-ún: Àríwá, Àríwá-Ìlà-Oòrùn, Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, Gúúsù-Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Bí a bá ka Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Ará tí ó yí ìgboro ká mọ́ ọn, ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ó wà nínú Ìbàdàn. Pípín náà ní àǹfààní tirẹ̀, a kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ: ó mú ọ́fíìsì ìjọba súnmọ́ ará ìlú, ó sì mú kí iye àwọn tí a lè fi ìbò yàn pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó pín ilẹ̀ kò lè pín omi.

Odò Ògùnpa ni ẹlẹ́rìí tí ó dára jù lọ. Apá àríwá ìlú ni ó ti ń ṣàn bọ̀, ó gba Agodi, ó gba Dùgbẹ̀, ó sì forí lé gúúsù. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò yìí kún bo ẹ̀bá rẹ̀, ó pa ènìyàn púpọ̀, ó sì gbé ilé àti dúkìá lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn odò mìíràn náà kún, àwọn afárá wó, ẹ̀mí tí ó lé ní 100 sì ṣòfò. Lẹ́yìn èyí ni Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó àyálò 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ńlá ni: afárá, ojú odò, àwòrán ètò ìdàgbàsókè ìlú. Síbẹ̀, odò tí wọ́n bá fi kọnkéré ṣe ẹ̀bá rẹ̀ yóò kún bí gọ́tà kéékèèké tí ó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ bá ń kó ọ̀rá àti pàǹtírí wá láti ojúlé wa. Gọ́tà kéékèèké yìí ni Báǹkì Àgbáyé kò ní wá gbá fún wa.

Ta ni òfin fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́? Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 sọ ọ́ ní kedere. Níbẹ̀ ni a ti rí i pé ọjà, gáréèjì, ilé ìgbẹ́ gbogbogbò, kíkó ìdọ̀tí, fífún àdúgbò ní orúkọ àti fífi nọ́ńbà sí ara ilé jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó fi títì, iná ojú títì àti gọ́tà kún un, gẹ́gẹ́ bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ti là á sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùdìbò kò tíì kà wà ní Abala 7, ìpín kẹta. Ibẹ̀ ni òfin ti sọ pé ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ ni láti kópa nínú ètò ọrọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè àgbègbè rẹ̀, àti pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò fi òfin gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, káńsù tí ó bá jókòó pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ láti gbèrò kò ṣe àṣejù. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Báwo ni irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ? Ẹ jẹ́ kí á padà sí gọ́tà ìyá inú àwòrán. Ká sọ pé gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 600, tí 400 wà ní káńsù òkè, tí 200 sì wà ní káńsù ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá pín ìnáwó bí gígùn ti rí, káńsù òkè yóò san ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n káńsù ìsàlẹ̀ lè sọ pé, “Ìdọ̀tí tiyín ni ó ń ṣàn wá bá wa.” Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì gba ìjókòó. Àwọn ẹnjiníà káńsù méjèèjì yóò jọ wọn ilẹ̀. Wọn yóò jọ kọ iye tí iṣẹ́ náà yóò gbà sílẹ̀. Wọn yóò kọ ẹni tí yóò máa kó ẹrẹ̀ rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà, káńsù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ìpín tirẹ̀ sínú ètò ìṣúná ọdún. Ibí yìí ni ìlérí sábà máa ń kú sí. Alága méjì lè bọ ara wọn lọ́wọ́ níwájú kámẹ́rà, ṣùgbọ́n bí àwọn káńsẹ́lọ̀ kò bá fọwọ́ sí owó náà, fọ́tò nìkan ni yóò kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìlú kéékèèké ju ìgboro lọ. Ìgboro ti kún, ilé sì ń tẹ̀lé ọ̀nà Ìwó àti ọ̀nà Ifẹ̀ lọ sínú Lágelú àti Ẹgbẹ́dá. Níbi púpọ̀, àwọn ènìyàn ti kọ́lé, wọ́n ti kó wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó ronú ibi tí títì àti gọ́tà yóò gbà. Ilẹ̀ tí ó ti ń fa omi mu tẹ́lẹ̀ ti di òrùlé àti kọnkéré. Òjò tí ó bá rọ̀ sí orí rẹ̀ kò ní ibi tí yóò wọ̀ ju ilé ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ lọ, ẹni yẹn sì lè jẹ́ olùdìbò ní ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Àgbẹ̀ tí ń kó ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ bọ̀ láti Lálúpọn nílò ọ̀nà tí ó dára títí dé ọjà, kì í ṣe títí dé ààlà Lágelú nìkan.

Kò sí ìdí tí a fi ní láti rò pé ohun tí a ń sọ yìí kò ṣeé ṣe. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ní ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Collines, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá Ṣábẹ àti Ìdàáṣà wà, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ni ó wà: Bantè, Dassa-Zoumè, Glazoué, Ouèssè, Savalou àti Savè. Lẹ́yìn ìdìbò ìbílẹ̀ tí ó wáyé níbẹ̀ láti òpin ọdún 2002, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá da ọwọ́ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo láti máa jọ gbèrò iṣẹ́ tí apá ẹyọ kan wọn kò lè ká. Ìlú kéékèèké ni púpọ̀ nínú wọn, kò sì sí èyí tí ó lọ́rọ̀ bí Ìbàdàn.

Wọn yóò sọ fún yín pé kò sí owó. Fún ọdún púpọ̀, inú àpò àpapọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ni owó ìjọba ìbílẹ̀ ti ń kọjá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí owó rẹ̀ máa dé tààrà, àti pé káńsù tí a fi ìbò yàn nìkan ni òfin mọ̀. Ẹjọ́ kì í gbá gọ́tà, ṣùgbọ́n ó fún olùdìbò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe ná owó náà.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ 33 àti wọ́ọ̀dù 351. Nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, bí èyí tí ó wáyé ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2021 àti ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 2024, ìwé ìdìbò méjì ni olùdìbò ń gbà: ọ̀kan fún alága, ọ̀kan fún káńsẹ́lọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ojú kékeré wo ti káńsẹ́lọ̀. Àṣìṣe ni, nítorí òun ni yóò gbé ọwọ́ sókè tàbí kí ó má gbé e nígbà tí owó gọ́tà bá dé orí tábìlì. Ẹgbẹ́ òṣèlú kò kan ẹ̀kọ́ yìí. Olùdíje tí ó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ bi í léèrè pé káńsù wo ni ó jọ ní ààlà pẹ̀lú tiyín, iṣẹ́ wo ni yóò bá wọn ṣe, àti nínú ètò ìṣúná ọdún wo ni owó rẹ̀ yóò wà. Bí kò bá mọ orúkọ àwọn àdúgbò tí ó wà ní ẹ̀bá ààlà, ẹ ti gbọ́ èsì nìyẹn.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé àdúgbò: kí ẹgbẹ́ onílé tí ó wà ní ìhà méjèèjì títì jọ jókòó kí ìpolongo ìbò tó gbóná. Ẹ jọ tẹ̀lé gọ́tà yín láti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé odò tí ó ń wọ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí ó ti dí àti wọ́ọ̀dù tí ibẹ̀ wà sílẹ̀. Ẹ pe àwọn olùdíje láti ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì sí ìpàdé kan náà, ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ sì fi ìwé yẹn hàn wọ́n.