Fọ́nrán Ewéko Nínú Ike: Ibi Tí Wọ́n Ti Pàdé Ni Kí Ẹ Wò

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú àkòrí yìí fún iṣẹ́ àṣekágbá sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè irú fọ́nrán tí òun máa lò: ṣé ti èèpo àgbọn ni, ti igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, àbí ìhá tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n fún epo pupa tán? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ jù ni pé fọ́nrán àti ike kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ra wọn.

Kí ló dé tí a fi ń ṣe wàhálà náà? Ìwúwo ni. Fọ́nrán gíláàsì tó kún lítà kan wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 2.55, ti sisal wọn nǹkan bíi 1.45, ike polypropylene wọn 0.90. Ká ní fọ́nrán gba ìdá 30 nínú 100 àyè, tí ike gba ìyókù. Lítà kan èyí tó ní gíláàsì á wọn 1.395, ti sisal á wọn 1.065. Gíráàmù 330 ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní Jámánì fi ń fi flax àti sisal ṣe abala inú ilẹ̀kùn ọkọ̀. (Trabant ti Ìlà Oòrùn Jámánì, tí wọ́n ṣe láti 1957 sí 1991, ti ní òwú àti ọ̀dà phenol lára ṣáájú wọn, àmọ́ ọ̀wọ́n irin ló fa tiẹ̀.)

Ara fọ́nrán ewéko kún fún OH, tó máa ń fa omi mọ́ra. Polypropylene ní tirẹ̀ kì í gba omi. Ẹ rántí bí omi ṣe ń yí gbirigbiri lórí ewé kókò. Ike tó yọ́ lè yí fọ́nrán ká, síbẹ̀ kó má dì í mú. Bí ẹ bá wá fa ohun tí ẹ ṣe, ike ò ní lè gbé ẹrù náà fún fọ́nrán. Fọ́nrán á kàn yọ bí ìṣó tó yọ lára igi jíjẹrà.

Ohun tí a máa ń ṣe sí i ni pé a ó rẹ fọ́nrán sínú omi sódà, NaOH. Ìdá 5 nínú 100 ló wọ́pọ̀. Yóò bó ọ̀rá àti ìda ara fọ́nrán, ara rẹ̀ á wá rí págunpàgun, ike á rí nǹkan dì mú. (Àwọn aláró wa náà mọ ohun tí omi eérú ń ṣe.) Bí sódà bá le jù, yóò jẹ fọ́nrán fúnra rẹ̀. Ẹ fi omi ṣàn án títí sódà á fi tán lára rẹ̀, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ dáadáa: omi tó bá ṣẹ́kù á di oruku nínú ike gbígbóná, á sì fi ihò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lè wá alárinà. Polypropylene tí a so maleic anhydride mọ́ ni mo ń wí: apá kan rẹ̀ á di OH mú, apá kejì á lọ́ mọ́ ike.

Ooru ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Bí ooru bá ti ń tó nǹkan bíi 200°C, fọ́nrán á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀. PET tí wọ́n fi ń ṣe ìgò ike kì í yọ́ tó fi tó nǹkan bíi 250°C, nítorí náà kì í ṣe òun ló yẹ kí ẹ kó jọ. Polypropylene ń yọ́ ní nǹkan bíi 165, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ọ̀rá yẹn ni kí ẹni tí kò lówó fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ èyí tí ẹ ṣe, ẹ má kàn kọ iye agbára tí ẹ̀rọ kà sílẹ̀. Ẹ fi awò-asọhun-kékeré-di-ńlá wo ojú ibi tó ti ṣẹ́. Bí ẹ bá rí ihò roboto àti fọ́nrán gígùn tó yọ jáde láìsí ike lára, wọn ò lẹ̀ mọ́ra. Bí fọ́nrán bá ṣẹ́ mọ́ ojú ibẹ̀ gan-an, ike ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, a jẹ́ pé ó gbé ẹrù náà dópin.